Ohun kan ni kí ẹ máa mú yí gbogbo kíláàsì ká

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ní láti JSS1 dé SS3 lẹ ń kọ́ ní Yorùbá, pé ìwé àwọn ọmọ kún orí tábìlì yín, ọgbọ́n tuntun sì ń sọ sí yín lọ́kàn, ẹ kò kàn ráyè lò ó ni. Iléèwé ìjọba tí ọmọ kíláàsì kan ń lé ní 60 ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. N kì í wá ohun tuntun fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni mo ń mú yí gbogbo wọn ká lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ kó lè lóyún, tí ikùn Ìjàpá fúnra rẹ̀ wá wú. JSS1 á gbe orin rẹ̀, wọn á fi ohùn orin náà mọ àmì tó yẹ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dò-re-mí á ti wọ etí wọn kó tó dé inú ìwé. JSS3 á fi ṣe àkàyé. SS1 á kọ lẹ́tà tí Ìjàpá fi bẹ babaláwo. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ SS2 ní àṣà ìtọ́jú àgàn àti aláboyún, àlọ́ yìí náà ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Nóòtì tí ọ̀gá máa buwọ́ lù ṣì di kíkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà kíkọ Yorùbá sílẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan da ẹsẹ kan kọ wá láti inú Bíbélì àtijọ́, tàbí ìwé kíkà ìgbà tí bàbá àgbà rẹ̀ wà níléèwé. Wọn á bá "aiye", "enia" àti "tobẹ̃" pàdé. Kí wọ́n wá fi àkọtọ́ 1974 tún un kọ: ayé, ènìyàn, tóbẹ́ẹ̀. Kò gba fọ́tòkọ́pì, kò gba kọ́bọ̀, àwọn ará ilé pàápàá sì máa ń dá sí i. Mo ti rí ọmọ tí kì í la ẹnu sọ Yorùbá ní kíláàsì, tó dìde ṣàlàyé bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe bá a jiyàn lórí "enia". Inú mi dùn gidigidi lọ́jọ́ náà.

Ní ti máàkì, ẹ má bá gbogbo àṣìṣe inú àrokọ jà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ pé àmì ohùn nìkan lẹ máa wò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìpínrọ̀. Ọmọ tí ẹ fi bíírò pupa kun gbogbo ìwé rẹ̀, iye máàkì tó gbà nìkan ló ń wò. Àpèkọ ní tirẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, kí ẹ jọ ṣe é lójú pátákó. SS3 nìkan ni mo yọ sílẹ̀. WAEC ń dúró dè wọ́n, nítorí náà ẹ ka àrokọ tiwọn láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí gbogbo àṣìṣe. Àkókò tí ẹ bá rí fà yọ lára àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ.

Ọgbọ́n tó bá sì sọ sí yín lọ́kàn láàárín táàmù, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtì yín, ó di ìgbà ìsinmi.