Ta Ni Yóò Ṣètò fún Etíkun Wa?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó ni mí, Igbókọ̀dá ni mo sì ń gbé. Nígbàkúùgbà tí òkun bá tún gbé ilé lọ ní Ayétòrò, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára ìjọba ìbílẹ̀, àti pé ìjọba àpapọ̀ ni kí a máa wojú. Ṣé lóòótọ́ ni pé káńsù wa kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó máa pín ìrẹsì àti ibùsùn fóòmù fún àwọn tí ilé wọn wó? (Òǹkàwé yín, Igbókọ̀dá)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Dídènà òkun kọjá agbára káńsù kan ṣoṣo, pàápàá ní etíkun Màhín, níbi tí Ayétòrò wà, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ dípò iyanrìn, tí ìgbì sì tètè ń jẹ ẹ́ wọlé. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdènà omi Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, síbẹ̀ ìlú tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó ní ọdún 1947 ṣì ń wọ omi lọ, ó sì dùn wá gidigidi.

Ètò ṣíṣe ni iṣẹ́ káńsù. Àfikún kẹrin (Fourth Schedule) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mú àbá wá lórí ètò ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀, ó sì fi ọ̀nà, gọ́tà, ọjà àti kíkó ìdọ̀tí sí ìkáwọ́ rẹ̀. Káńsù ni ó yẹ kí ó mọ abúlé tí omi yóò kọ́kọ́ dé, ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò kó àwọn arúgbó àti aláboyún lọ, àti ibi tí a ó kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àwòrán tirẹ̀ wá láti Àkúrẹ́ tàbí Àbújá.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni àwọn tí yóò jókòó ṣe ètò náà. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ijọ (Ijaw) ti Àrógbò àti àwọn Àpóì ni wọ́n jọ ń lo omi yẹn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, omi kò sì mọ ààlà káńsù. Bí wọ́n bá la ọ̀nà omi níbì kan láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn aládùúgbò, omi iyọ̀ lè ba omi tí wọ́n ń mu jẹ́. Ẹ wo obìnrin tí ó ń yan ẹja. Ẹ̀gbẹ́ èbúté ni iná rẹ̀ wà, nítorí pé ẹja gbọ́dọ̀ dé orí iná kí ó tó bàjẹ́. Bí ìjọba bá kó o lọ sí ilé tuntun tí ó jìnnà sí omi láìbi í léèrè, wọ́n fún un ní ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Igi ẹ̀gbà (mangrove) ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yan ẹja sì fi ń dáná, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò ẹ̀gbà ni ó ń di ẹrẹ̀ etí omi mú. Ètò tí kò bá wá ohun ìdáná mìíràn fún wọn kò lè dá igi náà sí. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìpàdé tí a ó ti ṣe ètò náà wáyé ní èbúté, ní ọjọ́ tí wọn kò lọ sí odò, àti ní èdè àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ní ti owó, ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ béèrè ìwé ìṣúná káńsù yín, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún ètò yìí.

ÌBÉÈRÈ: Àkúrẹ́ jìnnà sí òkun. Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Odò Àlá la àárín ìlú yín kọjá, ó sì máa ń ya wọ ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀. Kí káńsù kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì bá ìjọba ìpínlẹ̀ fi àmì sí etí odò níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí mọ́.