Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìdérí Ṣóńṣó Iwájú Bàálù Tó Sán

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Texas ni mo ń gbé, bàálù oníjòkòó méjì tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni mo sì ń fò. Ìdérí ṣóńṣó tó bo ìdí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, tí a ń pè ní spinner, ti sán ní igun ibi tí abẹ̀bẹ̀ ti yọ jáde. Fáíbà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn lu ihò kékeré sí òpin ojú sísán náà. Àbí kí n fi ṣe mọ́ọ̀dù, kí n mọ tuntun?

ÌDÁHÙN: Ẹ mọ tuntun. Ihò yẹn lè dá sísán náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá agbára tó ti lọ padà. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó sán an, kí ẹ má baà mọ àbùkù ti àtijọ́ sínú tuntun. Bí igun náà bá mú bí igun àpótí, ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lé jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ti tuntun yí roboto. Bí ọ̀dà bá ti bó níbi tí etí fáíbà ti ń kan abẹ̀bẹ̀, àlàfo kò tó nìyẹn; nǹkan bíi mìlímítà 3 yíká ni mo fara mọ́. Ẹ yẹ àwo álúmíníọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí pé òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ dí ojú sísán náà, ẹ fi sáńpépà fá a kí ó dán, ẹ fi wáàsì pa á léraléra, kí ẹ tó fi fáíbà àti résìn (oje tó ń mú fáíbà le) bo ìta rẹ̀ láti ṣe mọ́ọ̀dù, inú èyí tí ẹ ó ti mọ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí résìn ṣàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 lè yí ní ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, àti ní eré yẹn, gíráàmù 10 péré tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí àárín yóò máa fà síta bí ẹrù kílò 12.

Kí ẹ tó gé ojú ibi tí abẹ̀bẹ̀ yóò ti yọ jáde lára ìdérí tuntun náà rárá, ẹ wá àárín ìdérí náà. Ẹ pa mágínẹ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kí ẹ sì tú àwọn púlọ́ọ̀gì, nítorí mágínẹ́tò kò nílò bátìrì kí ó tó ṣáná, abẹ̀bẹ̀ tí a fọwọ́ yí sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ẹ fi ẹfun sí ṣóńṣó náà, ẹ gbé páálí kàn án, kí ẹnìkejì yín sì rọra yí abẹ̀bẹ̀. Bí ẹfun bá ya òrùka, kò tíì sí láàárín. Àmì kékeré kan ṣoṣo ni a ń wá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lu ihò síkúrù.

Lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ lófuurufú, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ yẹ igun kọ̀ọ̀kan àti ihò kọ̀ọ̀kan wò nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa.