Ṣé Èdè Ènìyàn Lè Sọ Bí Ọlọ́run Ṣe Rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún 11 kan bi mí pé, "Tí Ọlọ́run bá lè ṣe ohun gbogbo, ṣé ó lè dá òkúta tí òun fúnra rẹ̀ ò ní lè gbé?" Mo ní ọgbọ́n orí ènìyàn ò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kó má bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dákẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà. Tí èdè àti làákàyè wa ò bá lè ṣàpèjúwe Ọlọ́run, kí ni mò ń kọ́ wọn gan-an?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òkúta yẹn, torí ọmọ náà ò ṣẹ̀ rárá. Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdáhùn, á sì yé e. "Òkúta tí Ẹni tó lè gbé gbogbo òkúta ò lè gbé." Ẹ rọra tún un kà. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti pa ìdajì yòókù. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ ya òbìrìkìtì tó ní igun mẹ́rin, tẹ́ ẹ ò rí i yà, kì í ṣe pé ẹ ò mọ àwòrán yà. Kò sí nǹkan tó ní kẹ́ ẹ yà ni. Thomas Aquinas, àgbà onímọ̀ nípa Ọlọ́run tó kú ní 1274, ní ó sàn ká sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe ju ká sọ pé Ọlọ́run ò lè ṣe é lọ. Làákàyè ò de Ọlọ́run lókùn níbí o. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa ló yẹ̀ wò, ó sì bá a ní òfìfo.

Ìbéèrè tiyín ló le jù. Tá a bá ní "Ọlọ́run gbọ́n", kí là ń sọ? Tó bá jẹ́ ọgbọ́n bíi tiwa gẹ́lẹ́, a ti sọ Ọlọ́run di èèyàn ńlá kan. Tí kò bá sì jọ ọgbọ́n tiwa lọ́nà kankan, a ò tíì sọ nǹkan kan. Ariwo lásán la pa.

Ọ̀nà kan wà láàárín. A máa ń sọ pé "ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹni yìí sọ". Ọ̀rọ̀ ò ní ọpọlọ, kì í ronú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní irọ́ la pa, torí ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ ọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Aquinas ṣe rí i: ohun rere tá a rí lára ẹ̀dá ti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá wá, ìdí nìyẹn tá a fi lè fi orúkọ ohun rere náà pè é. Àmọ́ bí ọgbọ́n inú gbólóhùn kan ṣe kéré sí ọgbọ́n ẹni tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa kéré sí Ọlọ́run ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. (Èdè wa tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níbì kan: "ó" kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti mú ọ̀kan, kó tó wá máa ṣàlàyé.)

Maimonides, àgbà onímọ̀ láàárín àwọn Júù tó kú ní 1204, ò fara mọ́ ìyẹn. Lójú tiẹ̀, ohun tí Ọlọ́run kì í ṣe nìkan la lè sọ láìṣìnà: kì í ṣe ara, kì í ṣe aláìmọ̀kan, kò ní èkejì. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, torí ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ fífi ọwọ́ ara ẹni gbẹ́ ọlọ́run. Àmọ́ mi ò lè dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà ní láti pe Ẹnì kan. Ẹ wo bí Al-Kùránì ṣe so méjèèjì pọ̀ ní orí 42, ẹsẹ 11: ó ní kò sí ohunkóhun tó dà bí Rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó ní Òun ni Olùgbọ́, Olùríran. Inú ẹsẹ kan náà ni o.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni "mọ̀" àti "mọ̀ tán". Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ ohùn rẹ̀, ó mọ̀ pé ó fẹ́ràn òun, òtítọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n tán. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kristẹni láyé àtijọ́, wàásù pé tí òye wa bá ti ká a tán, Ọlọ́run kọ́ nìyẹn, síbẹ̀ ó lé ní 500 ìwàásù ọkùnrin yìí tó ṣì wà lónìí. Kò dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ pe ọmọ yẹn padà. Ẹ sọ fún un pé kò yẹ kẹ́ ẹ pa á lẹ́nu mọ́, kẹ́ ẹ sì bá a tú ọ̀rọ̀ òkúta náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí gbogbo wọn ṣí Ẹ́kísódù orí 33. Ní ẹsẹ 11, Olúwa ń bá Mósè sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ní ẹsẹ 20, ó ní Mósè ò lè rí ojú òun. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ irọ́, kẹ́ ẹ fún wọn láyè kí wọ́n jiyàn dáadáa kẹ́ ẹ tó dá sí i.