Èsì: Kí ló dé tí àárín ilé àlùfáà Alfriston fi wọnú

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní kí ló dé tí àárín ilé àlùfáà Alfriston ní Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, fi wọnú, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì yọ síta lókè. Ṣé ẹ rí i, àárín yẹn ni gbọ̀ngán, kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rárá, láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí àárín ilé ni wọ́n ń dáná sí nígbà yẹn, èéfín á kàn máa gba òkè lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní yàrá lókè, igi tó gbé yàrá òkè yẹn dúró ni wọ́n jẹ́ kó yọ kọjá ògiri ìsàlẹ̀, òrùlé koríko kan ṣoṣo ló wá bo gbogbo ẹ̀, ìyẹn ló fi dà bíi pé àárín sá sẹ́yìn.

Igi oak ni férémù ilé yẹn, amọ̀ ni wọ́n fi dí àárín igi. Ilẹ̀ gbọ̀ngán ló wù mí jù, ẹfun ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi wàrà kíkan dì í, kì í ṣe sìmẹ́ńtì o!

Ilé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán kí National Trust, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ níbẹ̀, tó rà á ní £10 lọ́dún 1896, òun sì ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n rà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ewé oak tí wọ́n gbẹ́ sára igi gbọ̀ngán yẹn dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.