Ṣé òfin ló ní kí ọmọ di bọ́ọ̀lù mú títí wọn yóò fi wó o lulẹ̀? Ìdáhùn sí ìyá quarterback kan ní Houston

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Houston ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ti di quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré) ti ilé ìwé ìjọba tí ó ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà sọnù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bú u níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ojo ló ń ju bọ́ọ̀lù sọnù, pé kí ó máa dì í mú, kí ó sì máa sáré pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí àti àwọn òǹwòran ti pín sí méjì: àwọn kan ní ọkùnrin náà ń ba ọmọ yìí jẹ́, àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ di akin. Ọkọ mi wà lẹ́yìn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù yìí. Ṣé òfin ni pé kò gbọdọ̀ jù ú sọnù ni? Ṣé kí n yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè kọ ohunkóhun, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn sọ fún ọmọ yín, èmi fúnra mi ni mo sọ irú rẹ̀ fún tèmi ní ọdún 2019, nínú ọkọ̀, níhìn-ín ní Maryland. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní Texas, òfin bọ́ọ̀lù yunifásítì, ìyẹn òfin NCAA, ni àwọn ilé ìwé ìjọba ń tẹ̀ lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ń lo òfin NFHS, àjọ tó wà fún eré ìdárayá àwọn ilé ìwé girama. Lábẹ́ òfin NCAA, bí quarterback bá ti sá kúrò láàárín àwọn tó ń dáàbò bò ó, tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó lè ju bọ́ọ̀lù náà sọnù láìsí ìyà kankan, bí bọ́ọ̀lù náà bá ṣáà ti dé ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó kọjá rẹ̀, kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó lè gbà á. Ìgbà tí ó bá ṣì wà láàárín wọn, tí ó kàn sọ ọ́ síbi tí kò sí ẹnìkan nítorí pé wọ́n fẹ́ mú un, ni rẹfirí yóò fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ wí pé ọmọ náà ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ pápá. Ohun tó ṣe bá òfin mu, ó sì bá ọgbọ́n mu. Èyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń sọ, ìfẹ́ inú tirẹ̀ ni, kì í ṣe òfin. Ẹ fi sùúrù sọ èyí fún ọkọ yín nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà ní yàrá, kì í ṣe níwájú ọmọ.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ nígbà tiwa. Òfin NFHS kò gbà kí quarterback tí wọ́n ń lé ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò sí ẹni tó lè gbà á, ìbáà tilẹ̀ ti sá dé ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí ó bá jù ú, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi yáàdì 5 padà sẹ́yìn láti ibi tó ti jù ú, wọn yóò sì pàdánù ọ̀kan nínú ìgbìyànjú mẹ́rin tí wọ́n ní. Ọdún 2022 ni wọ́n tó yí òfin náà padà, tí wọ́n fi àyè gba ọmọ tó bá ti sá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ láti jù ú dànù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti ọmọ mi nìyẹn. Kò sí ohun tí mo ti rò ní orílẹ̀-èdè yìí tó bí mo ti ro ọdún mẹ́ta yẹn.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Ẹni tó wà nípò quarterback nínú ẹgbẹ́ àgbà ní ilé ìwé wọn fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, wọ́n sì mú tiwa láti inú ẹgbẹ́ kékeré wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ mọ bí ó ti ń rí lára òbí: orúkọ bàbá wa lẹ́yìn aṣọ ọmọ, iná pápá ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àwọn òyìnbó tí kò lè pe orúkọ náà tẹ́lẹ̀ sì ń gbìyànjú láti pè é. Inú wa máa ń dùn láti gbọ́ Olumuyiwa Fashanu tàbí Olusegun Oluwatimi, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Maryland níhìn-ín, lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn yẹn ni láti dáàbò bo quarterback. Tèmi ni ẹni tí ó yẹ kí a dáàbò bò.

Ní eré kan, wọ́n lé e, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà sọnù. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì pàdánù eré yẹn pẹ̀lú àmì mẹ́ta péré. Akọ́nimọ̀ọ́gbá jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, dípò kí n tù ú nínú, mo fi tèmi kún un. Mo sọ fún un pé a kì í ju ohun tí a bá dì mú sọnù, pé bí ó bá jẹ́ pé mo ju tèmi sọnù ní ọdún tí mo dé orílẹ̀-èdè yìí, a kì bá tí dé ibi tí a dé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, kí ó lè yé e dáadáa. Ó yé e.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n lé e lọ sí apá ọ̀tún. Mo rí i tí ó gbé ọwọ́ sókè láti ju bọ́ọ̀lù náà síta. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà. Ọmọ kan kọlù ú láti iwájú, èkejì dé láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára bọ́ọ̀lù, kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ dúró, ìpàkọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Akoto wà lórí rẹ̀. Akoto lè dáàbò bo agbárí kí ó má fọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ọpọlọ dúró kí ó má mì nínú agbárí, èmi kò sì mọ ìyẹn nígbà náà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wo ibi tí mo jókòó sí. Mo na ọwọ́ sókè, mo fi ṣe àmì sí i pé kí ó dúró dáadáa, kí ó máa bá eré lọ. Ó bá a lọ fún ìgbà méjì sí i, wọ́n sì tún wó o lulẹ̀ ní ìgbà kejì, kí obìnrin tó ń tọ́jú àwọn eléré tó rí i pé ibi tí kò yẹ kí ó dúró sí ni ó dúró sí, tí ó sì mú un jáde. Ìgbà méjì yẹn ni mo ṣì máa ń rí lójú oorun.

Obìnrin náà ní kí n gbé e lọ rí dókítà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo ní mo ti gbọ́. Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní aago márùn-ún àárọ̀, ọmọ náà sì ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Mo gbé e lọ sílé.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá láti Ìbàdàn fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Ọmọ náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ bí a ti kọ́ ọ, ó sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ojú ọmọ yìí kò sí níbí. Kí ló ṣe é?" Mo sì dá wọn lóhùn pé, "Màmá, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni."

Ìkíni ni gbogbo Yorùbá tí ọmọ yẹn ní. Kò ṣi ẹ káàárọ̀ pè ní ẹ káalẹ́ rí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Orí rẹ̀ ló ń sọ fún wa pé nǹkan ti bàjẹ́, ìyá mi gbọ́ ọ, èmi tí mo mú ọmọ wá sí ibi tí èdè rẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sì fi àìgbédè bo ohun tí wọ́n gbọ́. Kíláàsì Yorùbá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó lọ títí ó fi di ọmọ ọdún 11, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù gba ọjọ́ Sátidé, mo sì ní yóò kọ́ ọ tí ó bá yá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi jókòó tì í lórí ibùsùn, wọ́n ń bi í pé níbo ló ń dùn ọ́, ó kàn ń wo ẹnu wọn. Ó bẹ̀rù láti sọ fún mi nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ọkọ̀. Ìyá àgbà ni ì bá sọ fún. Kò ní ohùn tí yóò fi sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka èyí, wọn yóò sì bi mí pé kí ló dé tí a kò fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ nílé. Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe, olùkọ́ kan sì ti sọ fún wa nígbà tí ó wà ní kékeré pé èdè méjì yóò da ọmọ náà lórí rú. A gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá tíì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ wá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé kò lè mọ bí agara ti ń dá ni.

Ní aago méjì òru ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyàwó mi dé ní aago méje ààbọ̀, ó tan iná wo ẹyin ojú rẹ̀, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní concussion ni, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti mì nínú agbárí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi lè kàwé fún ogún ìṣẹ́jú kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kò gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́.

Òfin ti wà tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ní ọdún 2006, ní ìpínlẹ̀ Washington, ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Zackery Lystedt fi orí gbá ilẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n dá a padà sínú eré, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn eré náà tí wọ́n fi ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórí. Ní ọdún 2009 ni ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ọmọ tí wọ́n bá fura pé ọpọlọ rẹ̀ mì kò gbọdọ̀ padà sínú eré ọjọ́ náà, àfi lẹ́yìn tí oníṣègùn bá kọ̀wé pé ó lè padà. Maryland àti Texas ṣe tiwọn ní ọdún 2011. Wọ́n fún mi ní ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i láì kà á, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé ilé ìwé. Ẹ lọ wá tiyín jáde, kí ẹ kà á. Ní Texas, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní àṣẹ láti sọ pé ọmọ ti yá tó láti padà. Dókítà ni yóò kọ ọ́, ẹ̀yin náà yóò sì fọwọ́ sí i.

Kò sí pé àwọn àgbà mọ̀ jù wá lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Tua Tagovailoa, quarterback Miami nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, fi orí gbá ilẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n sì dá a padà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Cincinnati, orí àkéte ìgbáláìsàn ni wọ́n fi gbé e kúrò lórí pápá. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni NFL tó yí ìlànà padà pé ẹni tó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sí eré náà mọ́. A jọ ń wo eré Cincinnati yẹn nílé. Ọmọ mi dìde, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò tí a gbé síwájú ilé.

Ní ti sísáré tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ń fẹ́, ẹ bi í bóyá ó ti kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ṣáájú yọ́ lulẹ̀. Lábẹ́ òfin NCAA, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, eré parí níbẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ara tàbí orí lu orí rẹ̀ lẹ́yìn náà lè dèrò ìta pápá. Kí ó má fi ṣe ẹ̀tàn o: Kenny Pickett, quarterback yunifásítì Pittsburgh, ṣe bí ẹni tó fẹ́ yọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó tan àwọn ará yunifásítì Wake Forest, ó sì sáré gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá gba àmì tí wọ́n ń pè ní touchdown, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ti pàṣẹ pé eré yóò máa dúró bí ẹnikẹ́ni bá tún dán irú rẹ̀ wò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ní kí ọmọ máa sáré, tí kò kọ́ ọ bí a ti ń yọ́, tí ó sì ní jíju bọ́ọ̀lù sọnù jẹ́ ìwà ojo, ti dí gbogbo ọ̀nà àbáyọ mọ́ ọn, ìkọlù nìkan ló kù fún un.

Nípa pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò, n kò lè dáhùn. Ọmọ mi sunkún ní ọjọ́ tí dókítà ní ó parí ju bí ó ti sunkún ní ọjọ́ tó fara pa lọ, ó sì sọ fún mi ní ọdún tó kọjá pé bí òun bá rí àyè, òun ì bá padà. Ó ti pé ọmọ ọdún 21 báyìí, ó wà ní yunifásítì, ó ń ṣe dáadáa. Ó máa ń pè wá ní ọjọ́ Sunday. Nígbà mìíràn, láàárín ọ̀rọ̀, yóò dákẹ́ láti wá ọ̀rọ̀ kan, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, èmi yóò sì di èémí mi mú títí yóò fi rí i. Ìyá mi ti lọ ní ọdún 2022. Títí wọ́n fi lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi í lórí fóònù ni pé, "Orí ńkọ́?" Òun náà yóò ní, "Ó dáa, Màmá." Ó ti kọ́ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn eré ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ óò wa ọkọ̀ gbé e délé, kí ẹ kí i, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò fi dá yín lóhùn. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi.