Ọjọ́ kan ní Guanajuato: ẹ má wa mọ́tò wọ ìlú yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ háyà mọ́tò ní pápákọ̀ òfúrufú Silao wọ Guanajuato, ìlú kan ní Mẹ́síkò, tó sì jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Inú àfonífojì tóóró ni ìlú náà wà. Odò ló ń ṣàn gba àárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n darí odò náà, wọ́n sì sọ ojú ọ̀nà rẹ̀ di títì abẹ́ ilẹ̀. Máàpù orí fóònù kì í mọ̀ bóyá òkè lẹ wà tàbí ìsàlẹ̀, torí títì kan gun orí èkejì. Tẹ́ ẹ bá ṣi ihò kan yà, òdìkejì ìlú lẹ máa bá ara yín. Ẹ wọ takisí, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn tẹ́ ẹ bá dé.

Òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ "Valenciana" sí, ìyẹn àdúgbò ibi ìwakùsà fàdákà tó wà lókè ìlú, máa ń gbérò nítòsí Alhóndiga, ilé ìkó-ọkà-sí àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù. Owó tí wọ́n rí lórí fàdákà ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì San Cayetano tó wà ní Valenciana, wọ́n parí rẹ̀ ní 1788. Pẹpẹ mẹ́ta, wúrà ni wọ́n fi bò wọ́n. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ sínú ibi ìwakùsà San Ramón. Gígòkè padà ni iṣẹ́ wà: ìlú náà ga tó 2,000 mítà, èémí á tètè máa gbé yín. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kò dáa fún àtẹ̀gùn yẹn.

Ní Alhóndiga (wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè), ẹ rìn yí i ká ná. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè: ibẹ̀ ni wọ́n gbé orí Hidalgo, Allende, Aldama àti Jiménez, àwọn aṣáájú ogun òmìnira Mẹ́síkò lọ́wọ́ Sípéènì, kọ́ láti 1811 títí di 1821. Orúkọ wọn ṣì wà lára ògiri. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì sá pamọ́ sínú ilé yìí kan náà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ní Pípila, òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà tó wà lẹ́yìn Hidalgo, gbé òkúta pẹlẹbẹ pọ̀n lọ dáná sun ní 1810, kí ìbọn má bàa bà á. Ère rẹ̀ wà lórí òkè. Ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè wà lẹ́yìn Teatro Juárez, ilé eré ìtàgé ìlú náà. Ẹ fi gòkè nírọ̀lẹ́, ẹ fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Callejón del Beso (ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀nà Tóóró Ìfẹnukonu) fẹ̀ tó 68 sẹ̀ǹtímítà níbi tó fún jù. Bí èrò bá tò síbẹ̀, ẹ kọjá lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òrùka fàdákà, ẹ yí inú rẹ̀ wò: àmì 925 ni kẹ́ ẹ wá, òun ni àmì fàdákà gidi. Èyí tí wọ́n ń pè ní "alpaca" ń dán bíi fàdákà, ṣùgbọ́n bàbà, níkẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa fàdákà, kì í sì í fa alpaca náà, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.