Ọmọ mi fẹ́ wọ kíláàsì tuntun, àmọ́ ìwé ti sú u

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kẹta nílé-ẹ̀kọ́ girama ni. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wà lára àwọn tó ń mú ipò iwájú. Látìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi, kò fọwọ́ kan ìwé mọ́. Bí mo bá bá a wí, á ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì," á tún padà sídìí fóònù. Bàbá rẹ̀ ṣèlérí fóònù tuntun fún un bó bá gba ipò kìíní. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ méjì, ó tán síbẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ìdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ni mò ń ṣe, àsìkò tí kíláàsì kan parí tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀ yìí sì ni irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń dé iwájú mi jù. Nígbà mìíràn, ó kàn rẹ ọmọ náà ni. Àmọ́ ẹ̀rù ni mo sábà máa ń bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ kíláàsì tuntun le. Òun fúnra rẹ̀ sì mọ àwọn ibi tí kò yé e lọ́dún tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ti lórúkọ nídìí ìwé tiẹ̀ lè bẹ̀rù ju àwọn yòókù lọ. Bí kò bá kàwé tó sì fìdí rẹmi, á rí àwíjàre: òun ò kàwé ni. Bó bá wá kà á tó tún fìdí rẹmi ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí ìwàásù kì í fi í ràn án. Ohun tó máa ń mú kí ìwé tún wu ọmọ ni kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tó le lánàá ti rọrùn lónìí. Ẹ jẹ́ kó rí irú rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ ní kó mú ìwé àjákọ ìṣirò ọdún tó kọjá wá. Ẹ jókòó tì í, ẹ rọra bi í pé, "Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ẹ lójú?" Wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní ibi tí wọ́n ti ní kó wá iye x ló tọ́ka sí: 3x − 5 = 16. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 3x = 16 − 5, ó rí 11, 11 kò ṣeé pín sí mẹ́ta dọ́gba, ló bá fa igi lé e, ó sì gbà pé orí òun ò gba ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì kan ṣoṣo ló ṣì í lọ́nà. Tí 5 bá kọjá sí òdìkejì, àmì ìyọkúrò rẹ̀ á di àròpọ̀: 16 + 5 jẹ́ 21, x sì jẹ́ 7. Ẹ fún un ní mẹ́rin irú rẹ̀ kó ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kó dìde lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kó tún ṣe mẹ́rin mìíràn láìwo ìwé. Ó lè ti gbàgbé díẹ̀, ẹ má bínú. Láti ọdún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó ṣèwádìí lórí ìrántí, ti fi hàn pé wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ìgbàgbé máa ń yá jù, àti pé títún ẹ̀kọ́ náà kọ́ lójoojúmọ́ ń dín in kù.

Bí ẹ̀yin kò bá mọ iṣẹ́ náà, ẹ wá ẹ̀gbọ́n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì yẹn. Mo fara mọ́ ẹni tí iṣẹ́ náà fún ní wàhálà kó tó yé e, ju ẹni tí kò fìgbà kan rí i bí ìṣòro. Òun ló lè sọ ibi tó ti kọsẹ̀.

Lórí fóònù tí Bàbá ṣèlérí: lọ́dún 1973, Mark Lepper, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yà á. Wọ́n fún àwọn kan nírú ìwé ẹ̀yẹ yẹn lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọn ò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ni àwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ wù mọ́. Ọmọ yín fẹ́ràn ìwé tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn án. Bàbá ò gbọ́dọ̀ yẹ àdéhùn o, àmọ́ ẹ má ṣe fi òmíràn kún un. Ipò kìíní pàápàá ò sí níkàáwọ́ rẹ̀, torí gbogbo kíláàsì ló ń dù ú. Bó bá wá ṣe dáadáa, ẹ lè fún un ní ẹ̀bùn tí kò retí.

Ẹ jẹ́ kó máa yan nǹkan fúnra rẹ̀. Edward Deci àti Richard Ryan, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ohun tó ń mú ènìyàn ṣiṣẹ́, sọ pé ènìyàn nílò kó máa pinnu fúnra rẹ̀, kó mọ̀ pé òun lè ṣe é, kó sì ní àwọn tó sún mọ́ ọn. "Ṣé wàá kàwé?" á fa "rárá" jáde. Ẹ béèrè pé, "Èwo la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, aago mélòó sì ni?" Ẹ tún wádìí bóyá kíláàsì tuntun ti pín òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyà. Ìyẹn nìkan tó láti ba ọmọ nínú jẹ́.

Oorun ńkọ́? Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10 lóru. Bó bá ti ń sùn ní aago méjì òru, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí fóònù sì sùn sí yàrá mìíràn.

Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ àti oúnjẹ náà bá ti sú u fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá mẹ́nu kan ikú tàbí pé ayé sú òun, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá láìtíì rí dókítà, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Tí wọ́n bá wọlé tán, ẹ má tètè béèrè máàkì. Bó bá dé lọ́sàn-án, ẹ bi í ní ohun tí kò yé e lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì lọ rí olùkọ́ rẹ̀ kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó dé.